Bí Mo Ṣe Tú Òkè-Iyọ̀ Jáde Nínú Èèpo Ìwé

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa nígbà tí tíṣà kan láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin tó wà ládùúgbò wa wọlé. Ó ní àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde lọ́dún yìí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, òun sì fẹ́ kí wọ́n ka ìtàn àgbà tó ti ṣe iṣẹ́ kan dé òpin. Mo ní èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́, Mà. Ẹ kọ ọ́." Mo ṣa ẹ̀wà náà tán, mo gbé e kaná, mo wá jókòó ti ìwé.

Orúkọ mi ni Rísíkátù. Iṣẹ́ ìdìwé ni mo ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ní ọ̀nà tóóró kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti já, tàbí tó ní ewé ìwé jáujàu tó fẹ́ kó di odindi ìwé, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá. A ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, a ó sì fi èèpo líle bò ó. Àwọn ọ́fíìsì Marina, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti kánsù ni oníbàárà wa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n bí mi sí, nítorí ìtàn iṣẹ́ mi àti ìtàn ìlú náà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Òkè-Iyọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ kò ní rí i lórí àwòrán Èkó tòní. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìlú kékeré tó dá dúró létí ọ̀sà ni, ó ní kánsù tirẹ̀, ọjà tirẹ̀ àti èbúté tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń já iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ilé kánsù wa kò ju yàrá mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó ní agogo. Bí wọ́n bá ti lù ú láàárọ̀, gbogbo wa mọ̀ pé ìjọba tiwa ti jí. Èbúté yẹn ni màmá mi ti ta ẹja gbígbẹ tó fi rán mi níwèé.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, èsì ìdánwò mi kò burú, kò sì dára tó láti tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi mọ Àlájì Múfútáù tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó mú mi lọ bá a. Ti owó, ó tó jẹun, ó sì tó tọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú ni Àlájì, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pariwo. Ẹni tó ń pariwo, èèyàn lè fi etí dídi gbà á. Ẹni tí kì í pariwo ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kò kàn mí lọ́wọ́. Bébà ni mò ń ṣẹ́ po, tí mo ń fi egungun màlúù tí wọ́n ti fá dán tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀. Àlájì á gbé ìdì bébà náà dúró, á wo etí rẹ̀ bóyá ó gún, á sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ: "Tú u." Lọ́jọ́ kan mo ṣẹ́ igba ewé, ó ní kí n tú u lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, omijé bọ́ lójú mi.

Ó ní, "Rísíkátù, o fẹ́ sunkún?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Bó o bá fẹ́ sun ún, kọjú sọ́hùn-ún. Omijé ń ba ìwé jẹ́."

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tó yá, kò ní kí n tú nǹkan kan mọ́, mo sì mọ̀ pé ó ti gbà mí.

Ó ní àwọn òfin kan tí kò ṣeé rú. Àkọ́kọ́, a kì í ka ìwé oníbàárà. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ la fi ń di ìwé, a kì í fi ojú dì í. Ẹni tí wọ́n bá bá níbi tó ti ń kàwé oníbàárà, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Èkejì, kí ẹni tó ṣe èèpo tó fi bébà bo inú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi irin ṣóṣóró tí a fi ń dá ihò sí ìwé sàmì tirẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí èèpo náà bá já lẹ́yìn ogún ọdún, a ó mọ ẹni tó ṣe é. Ihò mẹ́ta tó dúró bí ààrò ni àmì tèmi. Ẹnu irin tí Àlájì fún mi ní igun mẹ́ta, nítorí náà ihò tó ń dá kì í rí roboto. Irin náà ni mo lò títí mo fi fẹ̀yìntì.

Òfin kan tún wà, èyí tí kò jọ òfin létí mi nígbà yẹn: bébà kankan kò gbọ́dọ̀ lọ sí ààtàn. Lásìkò náà, páálí líle tí a fi ń ṣe èèpo kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Àwọn adìwé mìíràn ti ilẹ̀kùn wọn. Àlájì kò tì í. Ó ní a ó máa ṣe páálí tiwa. Mo ń ra sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ní ọjà Òkè-Àrin, a ó sè é, a ó fi kun bébà tí àwọn èèyàn ti lò tì, ogún ewé lórí ara wọn, a ó sì fi pákó onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Bó bá gbẹ tán, bí igi ló ń dún. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló kórìíra iṣẹ́ yẹn, nítorí ó ń mú kí ìka èèyàn rí bí àkàrà tó ti sùn. Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni ìjọba tú kánsù Òkè-Iyọ̀ ká. Wọ́n ní ìlú wa kéré jù láti dá dúró. Wọ́n fa ìlà gba àárín gọ́tà ńlá: kánsù tó wà lápá òkè mú apá kan, kánsù tó wà lápá ọ̀sà mú èyí tó kù. Bàbá kan ládùúgbò wa ní yàrá òun wà ní kánsù kan, ilé ìdáná òun wà ní èkejì, bí òun bá fẹ́ jẹun, òun á kọ́kọ́ gba ìwé ìrìnnà. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo kò dún.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ọmọlanke mẹ́rin dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Bébà ló kún inú wọn. Kánsù méjèèjì ní àwọn kò ní àyè tí àwọn máa kó ìwé kánsù àtijọ́ sí, ẹnì kan sì ti tà á gẹ́gẹ́ bí bébà tí wọ́n lò tì. Mo rí òǹtẹ̀ tó ní àwòrán agogo lórí èyí tó wà lókè.

Mo ní, "Àlájì, ìwé ìlú wa nìyí."

Kò gbójú sókè. "Kí ni òfin wa?"

"Pé a kì í kàwé."

"Ìwé tí wọ́n bá ti tà fún wa, páálí ni. Lọ se sítáàṣì."

Mo lọ sè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi lẹ ìwé ìlú mi mọ́ ara wọn. Mo rú òfin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: mo wo ewé kan, mo rí orúkọ àwọn obìnrin èbúté tò lọ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà mo kun sítáàṣì sí i lórí. Páálí yẹn la fi ṣe rẹ́jísítà tuntun méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rìnlélógún fún kánsù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ilẹ̀ wọn ti fẹ̀ sí i, wọ́n sì nílò ìwé tuntun. Ẹni tó gbé wa mì, ìwé wa náà la tún fi rán aṣọ fún un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan màmá mi.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni àjálù dé bá wa. Ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Gọ́tà dí, ọ̀sà sì kún, omi gba ẹnu ọ̀nà wọlé títí ó fi dé orúnkún wa. Ọgọ́ta ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan wà nílẹ̀ tí a ti parí, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wá kó o. A kó ogún gun orí tábìlì. Ogójì lọ sínú omi. Nígbà tí omi fà, èèpo wọn ti wú bí búrẹ́dì inú tíì. Mo gbé ọ̀kan, ó sì ṣí lọ́wọ́ mi, ewé kan tẹ̀lé èkejì, bí ìgbà tí èèyàn ń bó àlùbọ́sà. Bébà àtijọ́ tó wà nínú páálí náà ti padà di bébà, ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ táìpù tẹ̀ sórí rẹ̀ sì ń hàn kedere. Mo rí i, mo sì gbé e jù sílẹ̀. Òfin ni òfin.

Àlájì wọ agbádá, ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó padà dé, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. A ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, a kò ní gba kọ́bọ̀." A fi oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́jọ ṣe é. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀gá tó yẹ kí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má wo ọjọ́ tí nǹkan dára. Ẹ wo ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ ìgéwé oníná dé, mo fẹ́ràn ìyẹn. Gọ́ọ̀mù gbígbóná dé, èyí tó ń di ìwé láàárín ìṣẹ́jú kan láìlo òwú. Àlájì fọwọ́ kan ìwé bẹ́ẹ̀, ó ní, "Èyí tó bá lẹ̀ báyìí, kò ní tú mọ́ láé. Iṣẹ́ tí kò ṣeé tú kò ṣeé tún ṣe." Nígbà tó yá, àwọn ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ojú Àlájì ń ṣe bàìbàì, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, mo sì ń bá a lọ pẹ̀lú oníbàárà díẹ̀.

Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìntì nígbà tí Màmá Àbẹ̀ní wọlé. Òun ni olórí àwọn obìnrin èbúté wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń ta iyọ̀. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rù síbẹ̀ ti mú ìwé jáde pé ilẹ̀ òfìfo ni èbúté náà, pé kì í ṣe ọjà rí, pé kò sì sí lábẹ́ Òkè-Iyọ̀ rí. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní kí àwọn obìnrin mú ìwé kánsù àtijọ́ wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Obìnrin mẹ́tàlélógójì ni.

Màmá ní, "A lọ sí kánsù òkè, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ti ọ̀sà. A lọ sí ti ọ̀sà, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ti òkè. Bí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá wa, Rísíkátù, èmi arúgbó. Ìwọ tó ń bá ìwé gbé, níbo ni ìwé ń lọ bó bá kú?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọmọlanke dórí sítáàṣì.

Mo rò pé ó fẹ́ ṣépè. Ó ní, "O lẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń tú u?"

Ilé Àlájì ni mo gbà lọ. Ó jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò ríran dáadáa mọ́. Mo ní mo fẹ́ tú èèpo àwọn rẹ́jísítà kánsù.

"Iṣẹ́ ọwọ́ wa lo fẹ́ tú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ bíi mélòó kan. "Mo sọ fún ọ pé páálí ni. Mo ṣìṣe. Tú u." Mo ti dìde kó tó tún pè mí. "Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, má jẹ́ kó gbóná. Má fi èékánná fà á. Egungun ni kó o fi ṣí i."

Màdámù Bísí ni olórí yàrá ìwé ní kánsù òkè. Mo sọ fún un pé màá tún àwọn rẹ́jísítà wọn àtijọ́ dì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́? Ní Èkó yìí? Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ọ̀fẹ́ náà?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìyẹn ni pé gbogbo ọdún tí wọ́n ń wá béèrè ìwé yìí, orí rẹ̀ ni mò ń gbé ife tíì mi lé? Ẹ gbọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà, ti ìjọba ni. Èèpo tó ti já, kò sí fáìlì tó sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbé e jáde. Níbí, lójú mi, lẹ ó ti ṣe é."

Ó dára bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ayédèrú. Mo gbé bàsíà lọ. Mo ń wá ihò mẹ́ta ní igun, mo ń rẹ èèpo sómi, mo ń fi egungun ṣí i, Màdámù sì ń tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sórí ewé kọ̀ọ̀kan bó bá ti gbẹ. Èèpo mẹ́wàá àkọ́kọ́, rìsíìtì àti ẹ̀sùn ewúrẹ́ tó wọ ọgbà kánsù ló wà níbẹ̀. Màdámù ní, "Ewúrẹ́ yìí kan náà ni, Mà! Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé!" Nínú ìkọkànlá ni a ti rí ìwé tó sọ ààlà Òkè-Iyọ̀: láti ẹ̀yìn ọjà dé ẹnu omi, gọ́tà ńlá àti èbúté sì wà láàárín rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé orúkọ àwọn onísọ̀ wà ní ojú ewé kejì. Mo tú gbogbo èyí tó kù níbẹ̀. Ojú ewé kejì kò sí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọkùnrin tó wà ní yàrá ìwé kánsù ọ̀sà ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo sọ fún Màdámù Bísí. Ó gbé fóònù. "Bùrọ̀dá, bí ẹ ò bá jẹ́ kí màmá yìí wọlé, màá sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ̀yin lẹ ta ìwé yẹn fún ọlọ́mọlanke. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni o. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló bu omi tí mo fi rẹ èèpo fún mi. Nínú èèpo kẹtàdínlógún ni mo ti rí ojú ewé kejì. Ewé tí mo wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà náà lọ́hùn-ún ni. Orúkọ màmá mi ni ìkẹsàn-án.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, lọ́yà ọkùnrin náà ní bébà tó jáde nínú èèpo ìwé kì í ṣe ẹ̀rí, pàǹtírí ni. Alága béèrè pé ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ láàárín èrò rí. Mo dìde, mo ní, "Èmi ni."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

Mo gbé èèpo náà sí iwájú wọn, mo fi ihò mẹ́ta hàn wọ́n. Mo yọ irin mi nínú àpò, mo dá ihò mẹ́ta mìíràn sí páálí tuntun lójú wọn, onígun mẹ́ta, tó dúró bí ààrò. Mo ní, "Ẹ tún wo ojú ewé kìíní rẹ́jísítà yìí, sà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú èèpo ti wà kí wọ́n tó kọ ọ́. Ọkùnrin yìí kò tíì dé èbúté wa nígbà yẹn." Alága gbé páálí méjèèjì sún mọ́ ojú fèrèsé, ó wò wọ́n. Lọ́yà náà jókòó.

Ìgbìmọ̀ fi èbúté sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Wọ́n ní kí kánsù méjèèjì jọ gbé pátákó síbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ Òkè-Iyọ̀ sí i. Ó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ lè rìn láti CMS lọ wò ó. Ní ti ìlú tí wọ́n ní ó kéré jù, àwọn tó pín in kò rí i jẹ tán.

Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní sọ pé kí ẹ lọ di ìwé. N kò mọ iye ọdún tí iṣẹ́ náà ṣì ní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yòówù kó jẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa tú iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì sàmì sí i. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ má sá. Ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́ ló mọ bó ṣe ń tú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ náà, a lọ sí èbúté. Mo dúró lórí àpótí ẹja, mo ka orúkọ inú ewé náà láti orí ìkíní títí dé òpin. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ọmọ wọn ló ń dáhùn. Lẹ́yìn èrò, Sàlámótù tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Màmá Àbẹ̀ní ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé orí ìkejìlá, mo kà á pé, "Àbẹ̀ní, oníyọ̀." Màmá Àbẹ̀ní dìde. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó rìn bọ̀ títí ó fi dé ìdí àpótí náà, ó na ìka sí ewé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ka tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i, Rísíkátù, kà á sókè. Sàlámótù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò gbọ́."